Ọdún Tí Wọ́n Gbé Òkun Wá sí Manigri

Òórùn ọ̀dà tútù máa ń fa orí fífọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní tèmi, ẹ̀rín ni ó máa ń pa mí, irú ẹ̀rín tí kò dénú. Níbikíbi tí mo bá ti gbọ́ òórùn náà, ọkàn mi á padà sí iwájú ilé bàbá mi àgbà ní Manigri, ní ọdún tí àwọn kan kó iná wá láti Kotonu, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fi hàn wá bí ilé wa ṣe lẹ́wà tó. Àwa tí wọ́n bí sínú ilé náà ni wọ́n fẹ́ fi ilé náà hàn.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ìdánwò báàkì, èyí tí a fi ń jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, nígbà náà. Mo wà nílé, mò ń retí ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ gíga yóò ṣílẹ̀kùn, mo sì ti pinnu nínú ara mi pé ohun gbogbo tó wà ní Manigri ti kéré jù fún mi. Àsìkò tí wọ́n ń kó iṣu wọlé ni. Gbogbo ará ilé ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, èmi jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mò ń ka ìwé ìròyìn tó ti gbó. Faransé mi ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Bí ewúrẹ́ bá wọ ilé ìdáná, Faransé ni mo fi ń lé e. Ìyá mi á ní, "Ewúrẹ́ yìí kò lọ sí lékọ̀ọ́lù o, sọ ohun tó máa yé e." Mo rò nígbà náà pé ìyá mi kò mọ nǹkan kan. Ọjọ́ mélòó kan péré ni mo fi mọ ẹni tí kò mọ nǹkan kan nínú àwa méjèèjì.

Ilé tí mò ń sọ yìí wà létí títì, níbi tí àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Bassila ti máa ń rọra nítorí ihò ńlá kan tó wà lójú ọ̀nà. Bàbá mi àgbà ló kọ́ ọ nígbà tí òwò iṣu ṣojú rere sí i. Amọ̀ ni, ó sì jẹ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì, ògiri rẹ̀ nípọn débi pé ooru kì í ráyè wọlé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gíga rẹ̀ ni àwọn àgbà fi ń júwe rẹ̀. Ilé onílà ni wọ́n ń pè é, nítorí pé nígbà tí amọ̀ iwájú rẹ̀ ṣì tutù, ìyá mi àgbà àti àwọn orogún rẹ̀ gun àkàbà, wọ́n fi ìka ọwọ́ fa ìlà sí i láti òkè délẹ̀. Ìlà náà ń lọ, ó ń yípo, ó ń padà wá bá ara rẹ̀, bí ìgbà tí ebè bá yí gegele kan ká nínú oko. Ní àwọn ibòmíràn, wọ́n fi amọ̀ ṣe ọmọńlé àti igbá tó yọ síta lára ògiri. Wọ́n wá fi omi tí wọ́n se èèpo irú sí kùn ún, ó pọ́n, ó ń dán, òjò kò sì rí i gbé ṣe.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló ń gbé yàrá òkè ilé náà láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ìyá Òkè ni gbogbo wa ń pè é. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, yóò se èèpo irú sínú ìkòkò ńlá, yóò gun àkàbà, yóò sì fi àkísà pa ògiri náà lára bí ẹni tó ń fi òrí pa ọmọ. Kò sí ẹni tó rán an, òun náà kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Bí a bá ní kó sọ̀kalẹ̀ kí ó má baà ṣubú, yóò ní ara òun kò le, ọwọ́ òun ló le. Àwa ọmọdé máa ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní ọdún yẹn, àwọn kan ní Bassila kó ara wọn jọ, wọ́n pe ara wọn ní kọmití ọdún. Mi ò mọ ẹni tó yàn wọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n ní káàdì tí wọ́n ń fi kọ́ ọrùn, ẹni tó bá sì ti fi káàdì kọ́ ọrùn ní ilẹ̀ wa, kò sí ẹni tí yóò tún bi í ní nǹkan. Wọ́n ní ní àwọn ìlú ńlá, bí ọdún bá ń parí lọ, iná ni wọ́n fi ń ya àwòrán sí ara àwọn ilé àtijọ́. Ilé á máa jó, àwọn ará àtijọ́ á máa rìn lára ògiri, ènìyàn á sì máa ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó. Wọ́n ní tiwa náà ti tó. Wọ́n máa ṣe ti Bassila lára ilé kan tí àwọn Faransé fi sílẹ̀. Kí Manigri má baà sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, wọ́n á ṣe tirẹ̀ ní ọjọ́ kejì lára ilé wa, nítorí òun nìkan ni ilé àtijọ́ tó ga tó fún ohun tí wọ́n fẹ́.

Wọ́n ń wá ẹni tó gbọ́ Faransé, tó sì gbọ́ èdè Manigri, tí yóò di míkró, ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mú lọ́jọ́ náà. Ta ni ìbá tún jẹ́ bí kò ṣe èmi? Wọ́n fún mi ní tíríkò aláwọ̀ ọsàn kan tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí lẹ́yìn ní Faransé, pé ìmọ́lẹ̀ ń tàn sórí ìrántí wa. Mò ń fọ̀ ọ́ lálẹ́, mò ń wọ̀ ọ́ láàárọ̀. Mo wọ̀ ọ́ lọ pọn omi, mo wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà, mo tilẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ kí àwọn tó ṣòfò ní àdúgbò wa, tí gbogbo ará ilé ìṣòfò sì ń ka ẹ̀yìn mi.

Ọ̀gá àwọn oníná tí kọmití pè láti Kotonu wá wo ilé náà ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ọyẹ́ ń fẹ́. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun, ó sì ń rìn bí ẹni tó ń wá ibi tí Ọlọ́run kò da eruku sí. Ó gbójú sókè wo ilé, ó gbé orí sí ọ̀tún, ó gbé e sí òsì, ó pòṣé. Ó ní ògiri náà dúdú jù, ó sì rí gbágungbàgun, iná kò ní lè mú un. Ó ní a gbọ́dọ̀ kùn ún ní funfun, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ fá gbogbo ohun tó yọ síta kúrò.

Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún àbúrò bàbá mi, ẹni tó jẹ́ olórí ẹbí wa láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n.

"Níbo ni wọ́n máa gbé àga mi sí lọ́jọ́ náà?" Ohun tó kọ́kọ́ bèèrè nìyẹn.

Ọ̀gá oníná ní iwájú pátápátá ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àlejò pàtàkì.

"Sọ fún un pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i," ni olórí ẹbí wí. "Kí wọ́n máa kùn ún."

Ìyá Òkè kò sí nílé. Ó ti lọ sí Alédjo láti wẹ ọmọ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Mo wá sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé, "Bàbá, ṣé a kò ní dúró de Ìyá Òkè ná?"

"Òun ló ni ilé ni? Obìnrin tó lọ ilé ọkọ tó padà wá, ibùsùn la fún un, a kò fún un ní ògiri."

Ọ̀gá oníná bi mí pé kí ni bàbá ń sọ. Mo ní inú bàbá dùn púpọ̀. Àwọn àgbà máa ń sọ pé àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran, wọn kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n àlejò yìí kò ṣe ju kó tọ́ka sí ògiri lọ. Onílé ló gbé ọ̀bẹ fún un.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan péré ni iṣẹ́ náà gbà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kó àdá wá, wọ́n fá ọmọńlé, wọ́n fá igbá, wọ́n fá gbogbo ìlà tó ga ju ara ògiri lọ, amọ̀ pupa ń dà sílẹ̀ bí gààrí. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì olọ́wọ́ gígùn kùn ún ní funfun báláú. Ẹ̀gbẹ́ ilé àti ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní í fojú kan iná, nítorí náà wọn kò fi ọ̀dà kàn wọ́n. Bí o bá ti títì wò ó, ìwọ á rí ilé funfun. Bí o bá rìn síwájú díẹ̀, ìwọ á rí i pé iwájú nìkan ló wẹ̀. Olórí ẹbí dúró lójú títì, ó ń na ọwọ́ sí i fún gbogbo ẹni tó ń kọjá, ó ní ó jọ ilé àwọn ọlọ́lá ní Kotonu. Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Èmi náà wò ó, ó wù mí. Mo rò pé ó ti lajú.

Ìyá Òkè dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì lórí zẹ́mì, ìdì ẹrù rẹ̀ lórí itan. Mo wà níwájú ilé nígbà tí ọlọ́kadà náà dúró. Ìyá kò sọ̀kalẹ̀.

"Máa lọ síwájú, ọmọ mi," ni ó wí fún un. "A kò tíì débẹ̀."

"Ìyá, ibi tí ẹ júwe fún mi nìyí. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì tó wà létí ihò."

"Pẹ́tẹ́ẹ̀sì tèmi kò funfun. Máa lọ."

Ìgbà tí ó fojú kàn mí nínú tíríkò mi ni ó tó mọ̀ pé òun ti délé. Ó sọ̀kalẹ̀, ó gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ó rìn lọ sí ìdí ògiri, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò. Olórí ẹbí ti jáde wá, ó ti ń rẹ́rìn-ín láti ọ̀nà jíjìn, bí ẹni tó mọ̀ pé òun jẹ̀bi ṣe máa ń ṣe.

"Ta ló kú?" ni Ìyá Òkè bi í.

"Kò sẹ́ni tó kú, ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún ló ń bọ̀."

"Mo ní ta ló kú, tí ẹ fi wọ ilé láṣọ òkú?"

Olórí ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé iná, àlejò, kọmití. Ìyá ń wo ilẹ̀, níbi tí wọ́n ti gbá amọ̀ pupa náà jọ. Ó ní, "Ìyá wa ló fa ìlà yẹn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìwọ wà lọ́jọ́ náà. Ò ń sunkún, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nítorí amọ̀ ń gbẹ lọ."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo fẹ́ tù ú nínú, mo sì lo gbogbo ọgbọ́n tí lékọ̀ọ́lù fi sí mi lórí. Mo ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Iná náà máa ya ìlà mìíràn sí i, ìlà tó ń rìn, tó sì ní oríṣiríṣi àwọ̀. Ó máa dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Ó yíjú sí mi. "Ìlà náà máa wà níbẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́?"

"Rárá, Ìyá. Alẹ́ ọjọ́ kan ni."

Ó mi orí, ó gbé ẹrù rẹ̀, ó gun òkè lọ. Kò bá mi jà. Ìbá sàn kó bá mi jà.

Alẹ́ ìran ti Bassila ni mo kọ́kọ́ rí ohun tí wọ́n kó wá. Èrò pọ̀, àwọn ará Bassila kó ọmọ wọn jáde, àwọn obìnrin tó ń ta ẹ̀pà kò ráyè mí. Wọ́n tan ẹ̀rọ, iná sì bo ògiri ilé àtijọ́ náà. Òkun la rí. Òkun ńlá, ìgbì lórí ìgbì, ọkọ̀ ojú omi, àwọn apẹja tó ń fa àwọ̀n, igi àgbọn tí atẹ́gùn ń tẹ̀, ẹja tó tóbi ju fèrèsé lọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ kọjá lójú ilẹ̀kùn. Ohùn kan ń sọ ní Faransé pé ìtàn àwọn baba wa nìyí, tí omi iyọ̀ kọ́ ní ìgboyà. Bàbá arúgbó ará Bassila kan tó jókòó nítòsí mi, tí èdè rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa, fi Faransé díẹ̀ tó gbọ́ bi mí pé odò wo nìyẹn. Mo ní òkun ni. Ó ní, ní apá ibo ní Bassila?

Ó wá yé mi pé ìlú kan létí òkun ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe ìran náà. Wọ́n kàn ká a bí ẹní ni, wọ́n sì tẹ́ ẹ sí ilẹ̀ wa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tọ ọ̀gá oníná lọ. Mo ní Manigri kò sí létí òkun, àgbẹ̀ ni wá, iṣu àti kajú la ń gbìn. Ó rẹ́rìn-ín sí mi bí ìgbà tí ènìyàn ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ tó bèèrè ibi tí oòrùn ń sùn.

"Madimọsẹ́lì," ni ó wí, "ìmọ́lẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀. Wọn kò wá kọ́ ẹ̀kọ́, ìran ni wọ́n wá wò. Ṣùgbọ́n má dààmú, a ti fi orúkọ Manigri sí i."

Òótọ́ ló sọ. Wọ́n fi orúkọ Manigri sí ìbẹ̀rẹ̀, ní lẹ́tà ńlá, lórí omi.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn ti kírun tán, gbogbo Manigri dà sójú títì. Àwọn awakọ̀ tó kó iṣu pa ọkọ̀ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n gun orí ẹrù. Gúrúpù, ẹ̀rọ amúnáwá tó ń fún wọn níná, ń bú lẹ́yìn ilé débi pé àwọn àgbà ń fi ọwọ́ bo etí. Olórí ẹbí jókòó níwájú nínú aṣọ funfun, ó bá ògiri mu. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá oníná, míkró lọ́wọ́ mi. Iná bọ́ sára ògiri. Òkun dé.

Ariwo kọ́kọ́ sọ, ariwo ìyàlẹ́nu, nítorí ó tàn, ó sì tóbi. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í sọ níhìn-ín lọ́hùn-ún. Awakọ̀ kan kígbe láti orí ọkọ̀ pé, "Ẹ gbé iṣu kúrò nílẹ̀ o, omi ń bọ̀." Ìyá àgbàlagbà kan bi ọmọ rẹ̀ pé ṣé ẹja náà ni wọ́n máa pín. Ìgbì kọjá, ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró, wọ́n ń yí, wọ́n ń fò, wọ́n rí bí èyí tí wọ́n ń tẹ̀ sára aṣọ olówó pọ́ọ́kú. Ohùn náà ní àwọn àmì ìjìnlẹ̀ tí àwọn baba ńlá ìlú yìí fi sílẹ̀ fún wa nìyí. Abẹ́ wọn gan-an ni èyí tí ìyá mi àgbà fi sílẹ̀ wà, nínú ọ̀dà.

Ìgbà náà ni Ìyá Òkè yọ láti ẹ̀gbẹ́ ilé. Ó gbé korobá omi kan lọ́wọ́, kànrìnkàn àti ọ̀bẹ wà nínú rẹ̀. Kò wo apá ọ̀dọ̀ wa. Ó lọ dúró níwájú ògiri, ó ki kànrìnkàn bọ omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ògiri náà bí ẹni tó ń fọ ìkòkò. Òkun ti padà dé nígbà náà. Ìgbì ń gun ẹ̀yìn rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ń gba orí gèlè rẹ̀ kọjá, ẹja ńlá náà wọ aṣọ rẹ̀ lọ, ó sì yọ ní apá kejì. Ìyá ń fọ ògiri lọ. Ọ̀dà ń ṣàn sílẹ̀ bí wàrà. Ní ibi tó bá le, ó ń fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ họ ọ́.

Ọ̀gá oníná bú èébú kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ti ń pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kó lọ gbé obìnrin náà kúrò, nígbà tí àtẹ́wọ́ sọ níwájú. Àwọn àlejò pàtàkì ló ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ó wà nínú ìran ni. Ọ̀kan nínú wọn ti dìde, ó ń ya fọ́tò, ó ń sọ fún èkejì pé ó wọ òun lára. Ojú ọ̀gá oníná yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. N kò tíì rí ibi tí ìbínú ti di ọgbọ́n kíákíá bẹ́ẹ̀ rí. Ó gba míkró lọ́wọ́ mi, ó sọ ní Faransé, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, pé èyí tí ẹ ń wò yìí ni ìyá ìlú, tó ń fi omi wẹ ilé àwọn baba láti fi kí ọdún tuntun káàbọ̀, àti pé ẹgbẹ́ òun ló ronú rẹ̀ láti fi bu ọlá fún àwọn obìnrin Manigri. Àtẹ́wọ́ tún sọ. Ó wá dá míkró padà fún mi, ó ní kí n túmọ̀ rẹ̀.

Mo wo ẹ̀yìn Ìyá Òkè. Mo wo olórí ẹbí, ó ti rì sínú àga. Mo wá fi èdè wa sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin ará ilé, Ìyá Òkè lẹ ń wò yẹn. Àwọn ìyá wa ni wọ́n fa ìlà sí ògiri yìí. Wọ́n fi àdá fá a, wọ́n sì fi ọ̀dà bò ó nígbà tí kò sí nílé, kí ìran yìí lè rí ibi jókòó. Ó ń wá ohun tó kù níbẹ̀."

Ìdákẹ́jẹ́ bọ́ sórí èrò. Ọ̀gá oníná mi orí sí mi, inú rẹ̀ dùn, ó rò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló wọ̀ wọ́n lára. Àwọn àlejò tún pàtẹ́wọ́ nítorí pé àwa dákẹ́.

Ìyàwó olórí ẹbí ló kọ́kọ́ dìde. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ ni, tòun ti ìró ọdún tó ró, ó gba iwájú ọkọ rẹ̀ kọjá, ó lọ ya kànrìnkàn díẹ̀ lára ti Ìyá Òkè. Obìnrin tó ń ta òrí létí títì tẹ̀ lé e. Mo gbé míkró lé orí àga, èmi náà lọ. Ẹ má rò pé gbogbo ìlú dìde. Wọ́n ti se ìrẹsì sẹ́yìn ilé, òórùn rẹ̀ ti ń jáde, ẹni tó bá sì kúrò lórí àga rẹ̀ lè má bá a mọ́. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wò wá, wọ́n ń káàánú wa.

A fọ̀ ọ́, a họ ọ́. Gbogbo ohun tí a rí kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, níbi ìsàlẹ̀ fèrèsé tí àdá kò dé dáadáa. Ìlà kan ló wà níbẹ̀, ó tẹ̀ lọ díẹ̀, a rí ojú ibi tí ìka gbà, lẹ́yìn náà ojú àdá gé e. Ní gbogbo ibòmíràn, amọ̀ tí wọ́n ti fá lásán ni. Ìyá Òkè fi ìka tirẹ̀ sínú ìlà náà, ó tọ̀ ọ́ dé ibi tó parí sí. Ó ní, "Ó tó." Ó da omi tó kù nù, ó sì wọlé. Nígbà tó ń wọlé lọ, àwọn àlejò dìde dúró fún un. Ọ̀kan sáré wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ìyá fún un ní ọwọ́ tútù tó kún fún ọ̀dà, ó sì lọ sùn. Òkun ń bá ìgbì rẹ̀ lọ lára ògiri títí epo gúrúpù fi tán.

Olórí ẹbí kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní mo dójú ti ẹbí níwájú àlejò. Nígbà tó yá, tí àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ohun tí wọ́n ṣe sí ilé onílà kò dára, mo gbọ́ tí òun náà ń sọ ọ́ ní ibi ìkómọ kan pé òun kọ̀ jálẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, pé àwọn ọmọ ìwòyí ni wọn kò gbọ́. Ìyàwó rẹ̀ ń pín kolà níbẹ̀. Ó wò ó, ó ń pín kolà lọ.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, kọmití náà lẹ àfíṣì, ìwé ìpolówó ńlá, káàkiri Bassila. Àwòrán Ìyá Òkè ló wà lórí rẹ̀, ìgbì òkun lẹ́yìn rẹ̀, apá rẹ̀ nà sókè. Wọn kò kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, wọn kò sì bi í. Èmi àti Ìyá ni a jọ lọ sí ọjà Bassila lọ́jọ́ tí ó rí i. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó wò ó tìṣọ́ratìṣọ́ra, nítorí ojú rẹ̀ ti ń ṣú.

"Ta ni arúgbó yìí?" ni ó bi mí.

"Ẹ̀yin ni, Ìyá."

"Èmi?" Ó tún wò ó. "Wọn kò mà rí bùbá tó dára wọ̀ fún mi."

A ra iyọ̀ àti ata tí a wá rà, a sì padà sílé.

Kí àfíṣì náà tó jáde, òjò àkọ́rọ̀ ti parí iṣẹ́ tí kànrìnkàn bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dà náà wú, ó ṣí kúrò ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ó sì ń fa amọ̀ dání. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, Ìyá Òkè ní ká po amọ̀ tuntun. Ìyàwó olórí ẹbí wá, obìnrin tó ń ta òrí wá, àwọn kan tó jẹ ìrẹsì lọ́jọ́ náà sì wá. Mo ní ká fa ìlà náà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, mo ní mo rí fọ́tò àtijọ́ kan tí a lè wò. Ìyá kọ̀. Ó ní ti ìyá òun lọ́wọ́ ìyá òun ló wà, ó sì ti bá a lọ. Kí oníkálukú fa ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ó ní ilé tí a ní nísinsìnyí la máa wò, kì í ṣe èyí tí a sọnù.

Ọwọ́ mi kò mọ nǹkan kan. Ó ti di ọwọ́ bírò. Mo fa ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, nígbà tó dé àárín, apá ro mí, ó wọ́ sí ìsàlẹ̀, mo gbìyànjú láti fà á padà, ó tún wọ́ jù. Mo fẹ́ pa á rẹ́. Ìyá Òkè ní kí n fi í sílẹ̀, amọ̀ ń gbẹ lọ.

Ìyá Òkè ti sinmi báyìí. Mo parí ẹ̀kọ́ mi, mo padà wá, mò ń kọ́ ọmọ ní Bassila, mo sì máa ń wá sí Manigri ní òpin ọ̀sẹ̀ láti wo oko kajú tí ìyá mi kò lè dá wò mọ́. Àwọn oníná kò dáwọ́ dúró. Lọ́dọọdún, wọ́n ń rí ilé kan tí wọ́n á tan iná sí, lọ́dọọdún wọ́n á ní kí n wá di míkró mú, mo sì máa ń bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi hàn. Wọ́n á ní kí n má dààmú, wọ́n ti fi orúkọ ìlú sí i. Mo máa ń kí wọn, mo sì máa ń bá tèmi lọ. Ìmọ́lẹ̀ tí a kò fi rí nǹkan, mo ti rí i tó.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, àlejò kan dá ọkọ̀ dúró níwájú ilé wa, ó gbé ẹ̀rọ fọ́tò kọ́ ọrùn. Gbogbo ìlà ara ògiri kò tó o wò, ìdí ilẹ̀kùn ló lọ lóṣòó sí, níwájú tèmi tó wọ́. Ó ní òun ti rìn jìnnà, òun kò tíì rí irú èyí. Ó ní ó dájú pé ó ní ìtumọ̀, àwọn ará àtijọ́ kì í ṣe nǹkan lásán. Ó bi mí pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Mo ní, "Apá ló ro ẹni tó fà á."

Ó yọ ìwé kékeré kan, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní òwe ńlá nìyẹn.